Ó gba ipò kìíní ní kíláàsì, kò lè so okùn bàtà rẹ̀!

Bí ẹ bá ń gbé Shomolu tàbí Bariga, ẹ ò ní ṣàì mọ irú ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó lè wà n'ílé yín. Ó lè jẹ́ ọmọ alájọgbé yín. B'ẹ́ ẹ bá bi í pé kí ni mẹ́tàdínlógún l'ọ́nà mẹ́tàlá, kò ní pẹ́ k'ó tó dá yín l'óhùn. B'ẹ́ ẹ bá ní k'ó ka ìwé ìròyìn fún yín, á kà á bí ẹni ń mu omi. Ṣùgbọ́n ẹ ní k'ó bu omi sínú ife, ilẹ̀ á tutù rinrin. Ẹ ní k'ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, bọ́tìnnì òkè á bá ara rẹ̀ nínú ihò ìsàlẹ̀. Ti okùn bàtà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn s'ílẹ̀ ná.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo bí. Kí n tó gba ẹnikẹ́ni n'ímọ̀ràn, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi: mo na ọmọ mi nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó sì tó bí ọdún mẹ́ta tí mo fi ń nà án.

KÁÀDÌ DÉ, ẸKÚN DÉ

Ní ọdún 2009, ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ìkejì nínú ọmọ mẹ́ta, wà ní Pírámárì 4. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ilé wa kò jìnnà sí Bajulaiye ní Shomolu, níbi tí bàbá wọn ti ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé. L'ọ́jọ́ tí wọ́n gba họlidé ìparí ọdún, ó gbé káàdì rẹ̀ wá: ipò kìíní nínú ọmọ 43. Tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé orí ọmọ náà pé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ dọ̀tí, kì í sì í parí iṣẹ́ rẹ̀ l'ásìkò.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń ka káàdì náà. Bí mo ṣe gbé ojú s'ókè wo ọmọ tó ni ín, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà l'ẹ́sẹ̀ òsì. Okùn bàtà ń wọ́ n'ílẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta ṣí s'ílẹ̀. Ọbẹ̀ tó jẹ l'ọ́sàn-án wà l'áyà ẹ̀wù funfun. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà péré, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń bá a so okùn bàtà náà. Àwọn ọmọ àgbàlá wa sì ń pariwo: "Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ò l'ọ́wọ́!"

Ojú tì mí. Dípò kí n gbé ọmọ mọ́ra, mo gbá a l'étí. Káàdì ipò kìíní wà l'ọ́wọ́ òsì mi, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọmọ tó gbé e wá l'étí. Mi ò tí ì gbàgbé ojú tó fi wò mí l'ọ́jọ́ náà.

ṢÉ Ọ̀LẸ NI, ÀBÍ AYÉ Ń ṢE É?

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí n'ílé tí ènìyàn pọ̀ sí. Ìyá onílé ní ọ̀lẹ ni. Alájọgbé wa kan ní emèrè ni, pé àwọn tí orí wọn bá pé jù báyẹn kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ síbìkan. Wọ́n mú mi lọ s'ọ́dọ̀ ẹni tó ní kí n ra kànìnkànìn tuntun, ká lọ wẹ ọmọ l'étí omi. Mo rà á. A wẹ̀ ẹ́. Owó lọ, ọwọ́ kò yí padà. Mi ò fi àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ń gbà á títí d'òní. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹni tó jókòó ti ọmọ náà láti wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gan-an. Èmi ìyá rẹ̀ pàápàá kò wò ó.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ẹ̀bi tèmi pátápátá. Bí a ṣe rí i pé ọmọ náà mọ̀wé, a kò jẹ́ k'ó fọwọ́ kan nǹkan mọ́. B'ó bá gbá ìgbálẹ̀ mú, n ó ní, "Gbé e s'ílẹ̀, lọ kàwé rẹ." Ní kùtù hàì tí gbogbo wa ń sáré kí danfó má baà fi wá s'ílẹ̀, èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ l'áṣọ, èmi ni mò ń de bọ́tìnnì, nítorí pé tèmi yá ju tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni kí n tó dẹ́kun wíwẹ̀ fún un. Ẹ wá wò ó: ọwọ́ tí kò tètè mọ iṣẹ́, a tún gba iṣẹ́ kúrò l'ọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni yóò ti wá kọ́ ọ?

Mo ń sọ èyí nítorí pé irú ọmọ méjì ló wà, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kò ní nǹkan kan, a kò kàn kọ́ wọn ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe é, tàbí wọ́n ní ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná. B'ẹ́ ẹ bá fi irú wọn sí ìdí iṣẹ́ fún oṣù kan, á mọ̀ ọ́n. Àwọn kejì ni àwọn tí a kọ́, tí a tún kọ́, tí ọwọ́ kò sì gbà á bọ̀rọ̀. Tèmi jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì.

NÍ ÌDÍ Ẹ̀RỌ ÌTẸ̀WÉ

Ní họlidé ọdún 2010, bàbá rẹ̀ ní òun yóò mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, k'ó lè "di ọkùnrin". Ẹni tó bá mọ Shomolu mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gba ibẹ̀ kan. Káàdì ìyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ olóṣèlú, ìwé ọmọ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bíi Kord àti GTO ń dún láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán b'ẹ́rọ bá tẹ ìwé tán. Wọ́n á ká a, wọ́n á to ojú ìwé kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n á fi wáyà kàn án, wọ́n á wá gé etí rẹ̀ k'ó dọ́gba. Ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo èyí.

L'ọ́sẹ̀ kìíní, àwọn ọmọ iṣẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ìwé tó ká wọ́. Ojú ìwé tó tò ya ara wọn. Ṣùgbọ́n l'ọ́jọ́ kan, ó mú káàdì ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ tẹ ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀, ó ní, "Dádì, wọ́n kọ Satidé, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọjọ́ náà máa bọ́ sí." Wọ́n wo kàlẹ́ńdà. Òótọ́ ni! Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló gba bàbá rẹ̀ l'ọ́wọ́ àdánù.

Ẹ̀rù wá bà mí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'ọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní k'ó gbé bébà lọ bá ẹni tó wà ní ìdí ẹ̀rọ ìgéwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọ̀bẹ ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ọ́n: ìdì bébà ni ó ń gé l'ẹ́ẹ̀kan, á mú gbogbo rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni gé ẹ̀kọ. Ọmọ mi kọ ẹsẹ̀, bébà fọ́n ká, ó sì na ọwọ́ láti gbá a mú. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ iṣẹ́ kan fà á l'ẹ́wù s'ẹ́yìn. Ọ̀bẹ balẹ̀. Kò kàn án.

Ọkọ mi pa ẹ̀rọ, ó jókòó lórí ìdì bébà, kò lè sọ̀rọ̀. L'álẹ́ ọjọ́ náà, ìjà dé. Ó ní èmi ni mo kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Mo ní òun ló fẹ́ gé e l'ọ́wọ́. Ọmọ náà ń gbọ́ wa láti yàrá kejì. Ní àárọ̀ ló bi mí pé: "Mọ́mì, ṣé wọ́n lè pààrọ̀ ọwọ́ ní ọ́síbítù?"

ÌYÁ ÀGBÀ ÀTI OKÙN ỌKỌ̀ OJÚ OMI

A gbé e lọ s'ọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù nínú họlidé náà. Ìyá ń gbé ní apá Ìlàjẹ ní Bariga, l'étí ọ̀sà, wọ́n ń yan ẹja tà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìyá wo ọmọ, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n ní: "Ìyàwó mi, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì mọ ọ̀nà ilé ni. Ta ní í fi pàṣán júwe ọ̀nà fún ènìyàn?"

Ìyá Àgbà kò mú okùn bàtà. Okùn ńlá tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi m'ọ́pó ni wọ́n mú, èyí tí ojú rí dáadáa, tí ọwọ́ sì lè gbá mú. L'ọ́jọ́ kìíní, wọ́n ta kókó náà fúnra wọn títí ó fi ku kí wọ́n fà á le. Wọ́n wá ní, "Ọkọ mi, fà á." Ó fà á, ó le. Wọ́n yìn ín, wọ́n ní k'ó lọ jẹun. Ó tán fún ọjọ́ náà! L'ọ́jọ́ kejì, ó fi orí okùn bọ ihò, ó sì fà á. L'ọ́jọ́ mìíràn, ó yí i po, ó bọ̀ ọ́, ó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. L'ójoojúmọ́, ọmọ náà ló ń parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tó fi ìdójútì sùn.

Ohun kejì tí Ìyá ṣe ni pé wọ́n ní k'ó máa fi ẹnu sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tán l'ẹ́nu rẹ̀! Ó fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan l'órúkọ: "Dábùú. Wọ abẹ́. Ṣe etí kan. Yí i po. Bọ̀ ọ́. Fà á." Ẹ ò rí i? Orí tó mú ṣáṣá ló wá ń kọ́ ọwọ́ tó ń lọ́ra. Nígbà tó mọ ti okùn ńlá, wọ́n fún un ní okùn tó kéré sí i, lẹ́yìn náà ọ̀já, lẹ́yìn náà okùn bàtà.

L'ọ́jọ́ tí mo lọ mú un, ó jókòó s'ẹ́nu ọ̀nà, ó so bàtà rẹ̀ méjèèjì lójú mi. Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó fa èyí tó kẹ́yìn, kò wo ojú mi, Ìyá Àgbà ló wò. Ìyá kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ó kù bọ́tìnnì."

Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Obìnrin tó ń yan ẹja ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ Ń PÈ É

Ní ọdún 2011, mo gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ọ́síbítù ìjọba nítorí ibà, òun náà sì tẹ̀lé wa. Dókítà kíyè sí bó ṣe ń di bírò mú, ó bi mí l'éèrè, ó sì kọ ìwé fún wa lọ s'ọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní occupational therapist. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ aláìsàn tàbí ọmọdé bí yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́: ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ jíjẹ, ìwé kíkọ. Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n wà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Oshodi níbí tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun tó ń ṣe ọmọ mi l'órúkọ. Dyspraxia ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Orúkọ tí àwọn dókítà ń kọ ni developmental coordination disorder, èyí tí àwọn onímọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan lé l'órí n'ípàdé kan ní Kánádà l'ọ́dún 1994. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1962, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, ti kọ ọ̀rọ̀ olóòtú nípa àwọn ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kì í gbọ́ràn sí wọn l'ẹ́nu.

Kì í ṣe pé iṣan ọmọ náà kú, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ṣètò ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ṣe, èyí tó kọ́kọ́ ṣe àti èyí tó tẹ̀lé e, ni kò já gaara. Tèmi tiẹ̀ nìyí, mo ti dé bọ́tìnnì tán kí n tó mọ̀ pé mo dé e. Òun ní láti ronú sí i l'ọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i, àwọn ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: kíláàsì ọmọ 40, ó lè tó méjì níbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i l'ára àwọn tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé. Kò sí oògùn tó ń wò ó, ọ̀pọ̀ sì máa ń bá a d'àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó bá yẹ ń mú un fúyẹ́ gidi.

Ẹ rántí Daniel Radcliffe, ọmọkùnrin tó ṣe Harry Potter nínú fíìmù? Ó di mímọ̀ l'ọ́dún 2008 pé òun náà ní i, àti pé okùn bàtà síso ṣì ń fún un ní wàhálà. Gbajúmọ̀ jákèjádò ayé ni o!

Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ mi sọ fún wa pé ní Kánádà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Helene Polatajko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀. Wọ́n á kọ́ ọmọ láti bi ara rẹ̀ l'éèrè: Kí ni mo fẹ́ ṣe? Báwo ni n ó ṣe ṣe é? Á ṣe é. Á wá bi ara rẹ̀: ṣé ó rí bí mo ṣe fẹ́? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á yí ọ̀nà padà. Nígbà tí ọmọ mi ṣàlàyé okùn ọkọ̀ Ìyá Àgbà fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ti ní tíṣà n'ílé. Kí lẹ tún ń wá?"

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE N'ÍLÉ

Èkínní, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ má sọ pé láti Mọ́ńdè, á máa fọṣọ, á máa fọ abọ́, á máa de bọ́tìnnì. Ẹ bi ọmọ náà èwo ló ń dójú tì í jù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tèmi ní ife omi ni, nítorí n'ílé-ìwé wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkejì, ẹ ti ìparí bẹ̀rẹ̀. Ẹ de bọ́tìnnì tó kù, ẹ fi ọ̀kan s'ílẹ̀ fún un. L'ọ́la, ẹ fi méjì s'ílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ńlá kọ́ kékeré. Bọ́tìnnì kóòtù àgbà ṣáájú ti ẹ̀wù ilé-ìwé. Ìrẹsì tútù ṣáájú omi: ẹ jẹ́ k'ó máa bu ìrẹsì láti inú agolo kan sí òmíràn lórí tírè, èyí tó bá dà, á ṣà á padà. Lẹ́yìn náà, omi tó kó ìdajì agolo. Ní oṣù kan àbọ̀, tèmi bu omi fún àlejò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe é ní àárọ̀ tí ẹ ń sáré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá l'ọ́jọ́ọjọ́, ní ìrọ̀lẹ́ tí ara tutù, ó sàn ju wákàtí méjì àti ìgbátí lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mú ohun tó rọrùn wọlé. Ṣòkòtò onírọ́bà, bàtà tí kò l'ókùn fún ọjọ́ tí ẹ bá ń kánjú, abọ́ tó wúwo tí kò ní máa sáré lórí tábìlì. Ẹni tó bá ń wo jígí ojú kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ k'ó ṣeré. Ayò ọlọ́pọ́n ń kọ́ ìka láti mú ọmọ ayò l'ọ́kọ̀ọ̀kan, k'ó sì fi í s'ílẹ̀ l'ọ́kọ̀ọ̀kan. Òkòtó ń kọ́ ọwọ́, súwè ń kọ́ ẹsẹ̀. Ijó náà ńkọ́? Bariga kò ṣe aláìní rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa, tí Segun Adefila dá s'ílẹ̀ l'ọ́dún 1996, fìdí kalẹ̀ sí, níbẹ̀ náà sì ni Footprints of David ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó àti eré. Kì í ṣe torí k'ó lè di oníjó. Ara tó ń ka ìlù, tó ń mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì kàn, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sí ibi tí wọ́n á ti máa fi í rẹ́rìn-ín.

Èkeje, ẹ ṣọ́ra fún ohun tó l'éwu. Ọ̀bẹ, sítóòfù, omi gbígbóná, àti títì Ikorodu Road. Ẹ má sọ pé nítorí ewu, kò ní kọ́ ọ láéláé. Ẹ dúró tì í. Ẹ bá a gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'ẹ́ẹ̀mẹ́wàá k'ó tó dá nìkan gùn ún. Ẹ rán an n'íṣẹ́ tòun ti ìwé pélébé: tòmátì, ata, iyọ̀, iye ṣéńjì tó gbọ́dọ̀ gbà. Ọmọ tó mọ̀ṣírò yóò fẹ́ràn ṣéńjì!

ÌGBÀ TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ SÁRÉ LỌ S'Ọ́SÍBÍTÙ

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọmọ bá ti mọ nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀, tí kò wá lè ṣe é mọ́, ẹ má dúró. B'ó bá jẹ́ pé apá tàbí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló rọ, tó bá ń ṣubú ṣáá, tí kò lè dìde n'ílẹ̀ bí kò fi ọwọ́ ti itan, tí gìrì ń mú un, tàbí tó ń fi ojú kan ìwé kó tó lè kà á, ohun mìíràn ló lè jẹ́. Ẹ sọ fún dókítà bí kò bá tètè ké nígbà tí ẹ bí i, tàbí bí ojú rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú l'ọ́sẹ̀ tí wọ́n bí i. Àwọn ará Bariga, ọ́síbítù ìjọba Gbagada kò jìnnà sí yín. LUTH wà ní Idi-Araba. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ọmọdé yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì béèrè l'ọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí ẹ ti lè rí occupational therapist.

Ẹ̀YIN TÍṢÀ, Ẹ JỌ̀Ọ́

Mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ fún irú ọmọ báyìí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kún tirẹ̀. B'ó bá mọ ìdáhùn, ẹ jẹ́ k'ó fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ má fi ìwé tó rí játijàti gba máàkì ìṣirò tó gbà l'ọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Fada Denis Slattery dá St. Finbarr's, tó wà ní Akoka wa níbí, s'ílẹ̀ l'ọ́dún 1956, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé ni wọ́n jọ ń kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ohun tí wọ́n wí náà nìyẹn, pé orí àti ọwọ́ ni kí ilé-ìwé kọ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n wí o, wọn ò wí pàṣán.

NÍBO L'Ó WÀ BÁYÌÍ?

Ọmọ mi ti d'àgbà. Ó ń gbé n'ílé tirẹ̀. Shomolu náà ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣètò ojú ìwé, ó sì ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn onítẹ̀wé á ní, "Ẹ jẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó ná." Kò sí ẹni tó ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣì ń fọ́ ife. B'ó bá fá irùngbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ á yọ díẹ̀. Kì í sún mọ́ ẹ̀rọ ìgéwé, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń se ìrẹsì tirẹ̀, ó ń fọṣọ tirẹ̀, bàtà olókùn ló sì ń wọ̀ lọ s'íbi iṣẹ́. Òun ló yàn án.

Ìyá Àgbà ti lọ s'ílé. L'ọ́jọ́ tí a sìnkú wọn, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kékeré kan tí okùn bàtà rẹ̀ tú. Ó so ó títí ó fi ku díẹ̀. Ó wá dúró, ó ní, "Fà á."

L'álẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó bẹ̀ ẹ́ fún ìgbátí ọdún 2009 yẹn. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò tiẹ̀ rántí mọ́." Mo mọ̀ pé ó rántí.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ yín tó gba ipò kìíní tí kò lè so okùn bàtà, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ n'írọ̀lẹ́ òní, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan ṣoṣo. B'ẹ́ ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí b'ẹ́ ẹ bá jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa, kí àwọn ìyá yòókù lè gbọ́n níbẹ̀. Ire o.